Ìpẹja pẹ̀lú ìdẹ àtọwọ́dá kékeré

Ìpẹja pẹ̀lú ìdẹ àtọwọ́dá kékeré, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní finesse fishing, jẹ́ ọ̀nà ìfìwọ̀pẹja tí apẹja fi ń lo ìdẹ tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, okùn tínrín, ọ̀pá fúyẹ́ àti òjé tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíráàmù díẹ̀ lọ. A máa ń lò ó nígbà tí omi bá mọ́ gaara, nígbà tí òtútù bá mú, tàbí nígbà tí apẹja bá ti pọ̀ jù lórí adágún kan tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja ibẹ̀ fi ń sá fún ìdẹ ńlá. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti Japan ni ọ̀nà yìí ti gbilẹ̀ jù lọ. Ẹja bass, tí ó wà nínú ìbátan (genus) Micropterus, ni a sábà máa ń fi í wá.

Kíkéré ìdẹ náà ni agbára rẹ̀, òun náà sì ni ewu rẹ̀. Ẹja tí ebi kò pa lè gba ohun kékeré sẹ́nu láìfura. Ṣùgbọ́n òjé tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ rọrùn fún ẹyẹ omi láti gbé mì, ó sì lè pa á. Nítorí èyí ni àwọn ìjọba kan fi ṣòfin lórí irú òjé tí apẹja lè lò.

Orúkọ àti ìlò ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ náà finesse wá láti inú èdè Faransé, níbi tí ó ti dúró fún títínrín, àti fún ọgbọ́n tí a fi ṣe nǹkan jẹ́jẹ́. Nínú èdè Yorùbá, ìdẹ ni ohunkóhun tí a fi tan ẹran tàbí ẹja kí ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́, ìbáà ṣe ekòló, èkùrọ́ tàbí ohun mìíràn. Ìdẹ àtọwọ́dá ni èyí tí ènìyàn fi ike, irin, igi tàbí ìyẹ́ ẹyẹ ṣe. Nínú àyọkà yìí, ìwọ̀ olórí òjé dúró fún ìwọ̀ tí a da òjé mọ́ lórí nínú iná, tí òjé àti ìwọ̀ fi di ohun kan ṣoṣo. Ríìlì sì ni ẹ̀rọ ara ọ̀pá tí a fi ń ká okùn.

Kì í ṣe gbogbo ìpẹja pẹ̀lú ohun èlò fúyẹ́ ni ó wà lábẹ́ orúkọ yìí. Àwọn kan wà tí ń lo okùn tínrín nítorí àkọsílẹ̀ nìkan. Àjọ IGFA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1939, ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹja tí ó tóbi jù lọ lágbàáyé, ó sì ya àkọsílẹ̀ sọ́tọ̀ fún agbára okùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń wá irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi ìdẹ ńlá sí orí okùn tínrín. Nínú ìpẹja tí a ń sọ níhìn-ín, ìdẹ ni a kọ́kọ́ ń yàn, ọ̀pá àti okùn sì ń tẹ̀lé ohun tí ìdẹ náà bá béèrè.

Ìtàn

Ríìlì, okùn àti ike rírọ̀

Ọ̀nà yìí kò lè wáyé títí di ìgbà tí apẹja lè ju ohun fúyẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Lára ríìlì àtijọ́, kẹ̀kẹ́ tí a ká okùn mọ́ gbọ́dọ̀ máa yí bí okùn bá ṣe ń jáde. Ìdẹ fúyẹ́ kò ní agbára tí yóò fi yí kẹ̀kẹ́ náà, nítorí náà kì í lọ jìnnà. Ní ọdún 1905, Alfred Holden Illingworth, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti òwú onírun àgùntàn ní ìlú Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ríìlì tí kẹ̀kẹ́ okùn rẹ̀ dúró sójú kan. Okùn ń bọ́ kúrò ní etí kẹ̀kẹ́ náà ní òrùka-òrùka, bí òwú ti ń bọ́ kúrò lára ìrànwú ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ríìlì Mitchell tí ilé iṣẹ́ Carpano & Pons ṣe ní ìlú Cluses ní ilẹ̀ Fránsì mú irú ẹ̀rọ yìí dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ apẹja ní Amẹ́ríkà.

Ohun méjì mìíràn ni ó parí iṣẹ́ náà. Èkíní ni okùn náílọ̀n, tí ó di ohun tí a lè ṣe lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ DuPont kéde náílọ̀n ní ọdún 1938. Èkejì ni ike rírọ̀. Ní ọdún 1949, Nick Creme, ará ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ekòló tí a fi ike rírọ̀ ṣe. Ṣáájú èyí, igi àti irin líle ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìdẹ àtọwọ́dá, ẹja tí ó bá sì gbá a mú máa ń tètè mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ.

Kansas àti Missouri

Àwọn apẹja agbègbè ìlú Kansas City, ní ààlà ìpínlẹ̀ Kansas àti Missouri, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ìdẹ kékeré di àṣà. Chuck Woods, ará agbègbè náà, ni ó ṣẹ̀dá ìdẹ kékeré tí a ń pè ní Beetle, àti Beetle Spin tí ó tẹ̀lé e, èyí tí ó ní abẹ́ irin kékeré tí ń yí nínú omi. Ilé iṣẹ́ Bass Buster ti Virgil Ward ní Missouri ni ó tà wọ́n káàkiri. Ward fúnra rẹ̀ di ẹni tí a mọ̀ dunjú nípasẹ̀ ètò ìpẹja lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ned Kehde, apẹja àti òǹkọ̀wé láti Kansas, ni ó sọ àṣà yìí di ohun tí ayé gbọ́ nípasẹ̀ àwọn àyọkà rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn In-Fisherman. Ó kọ̀wé nípa ìpẹja lórí àwọn adágún tí ìjọba fi ìsédò dá ní ìlà-oòrùn Kansas, níbi tí omi kò ti jìn púpọ̀, tí àwọn apẹja sì pọ̀. Ìdẹ tí a ń pè ní Ned rig lónìí gba orúkọ rẹ̀ láti ara orúkọ Kehde.

California àti Japan

Àwọn adágún ìsédò ní gúúsù California jìn, omi wọn mọ́, wọ́n sì wà nítòsí ìlú ńláńlá. Níbẹ̀ ni Don Iovino ti di gbajúmọ̀ fún ọ̀nà tí a ń pè ní doodling: apẹja á sọ ekòló ike kékeré sísàlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, á sì máa gbọn orí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀.

Ní Japan, ọdún 1925 ni a kó ẹja bass ẹlẹ́nu ńlá láti Amẹ́ríkà wá sínú Adágún Ashi. Nígbà tí ẹja náà tàn dé omi mìíràn, apẹja púpọ̀ ni ó ń pín adágún kékeré mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹja tí ó ń rí ìdẹ lójoojúmọ́ di oníṣọ̀ọ́ra, àwọn apẹja Japan sì mú ìdẹ wọn kéré sí i. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni drop shot ti dé California ní àwọn ọdún 1990, kí ó tó tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà.

Nínú ìdíje, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀pá fúyẹ́ sí ohun ìṣeré fún ìgbà pípẹ́. Guido Hibdon, ará Missouri tí a mọ̀ mọ́ lílo ọ̀pá fúyẹ́ àti ìdẹ kékeré, gba ìdíje Bassmaster Classic ní ọdún 1988 lórí Odò James ní ìpínlẹ̀ Virginia. Láti ìgbà náà, ṣàṣà ni apẹja ìdíje tí kì í gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ dání.

Ìdí tí ẹja fi ń gba ìdẹ kékeré

Ẹja bass kì í fi eyín já oúnjẹ rẹ̀ jẹ. Ó máa ń la ẹnu lójijì, inú ẹnu rẹ̀ á fẹ̀, omi á sì ya wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ohunkóhun tí ó bá wà níwájú. Ohun fúyẹ́ tí kò so mọ́ okùn líle máa ń bá omi náà wọlé ní kíákíá. Ìdẹ wúwo lórí okùn nínípọn lè má wọlé tán kí ẹja tó tún ẹnu pa dé.

Ìwọ̀n ooru inú omi tún ní ipa tí ó ń kó. Ara ẹja máa ń gbóná tàbí tutù bí omi tí ó wà nínú rẹ̀. Bí omi bá tutù, oúnjẹ máa ń pẹ́ kí ó tó dà nínú rẹ̀, ẹja náà kì í sì í sáré lé ohun tí ó jìnnà sí i. Ìdẹ kékeré tí ń rìn jẹ́jẹ́ níwájú rẹ̀ kò béèrè ìsáré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ lára ohun tí ẹja ń jẹ ṣe kéré: ọmọ ẹja, kòkòrò omi, àti edé odò ọlọ́wọ́ méjì tí ń fi ọwọ́ gbá nǹkan mú bí akàn.

Ẹja tún ní ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ méjèèjì tí ó fi ń mọ bí omi ti ń gbọ̀n. Ìdẹ ńlá tí ń pariwo nínú omi máa ń fa ẹja mọ́ra láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ó lè lé ẹja tí a ti mú rí tí a sì tú sílẹ̀. Ìdẹ kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Nítorí náà kì í pe ẹja láti ọ̀nà jíjìn. Apẹja ni yóò gbé e dé ibi tí ẹja wà. Èyí ni ìdí tí mímọ ibùgbé ẹja fi ṣe pàtàkì nínú ọ̀nà yìí ju nínú àwọn mìíràn lọ.

Ohun èlò

Ọ̀pá àti ríìlì. Ọ̀pá sábà máa ń gùn tó mítà 1.8 sí 2.1. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ tó láti ju ìdẹ gíráàmù 2, kí ìdí rẹ̀ sì le tó láti darí ẹja. Ríìlì rẹ̀ ni irú ti Illingworth, tí kẹ̀kẹ́ okùn rẹ̀ dúró sójú kan. Ohun tí ó ṣe kókó jù lọ lára ríìlì náà ni ìjánu rẹ̀, tí ń jẹ́ kí okùn yọ́ jáde bí ẹja bá fà á gidigidi. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a dẹ ìjánu náà tó bẹ́ẹ̀ tí okùn yóò fi máa jáde nígbà tí ẹja bá fà á pẹ̀lú ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta agbára tí ó lè já a.

Okùn. Okùn tí ó lè gba ẹrù kìlógíráàmù 2 sí 4 kí ó tó já ni a sábà ń lò. Oríṣi mẹ́ta ni ó wà. Náílọ̀n rọ̀, ó sì máa ń nà. Okùn híhun kì í nà, nítorí náà apẹja máa ń tètè mọ̀ bí ẹja bá fọwọ́ kan ìdẹ, ṣùgbọ́n ẹja lè rí i. Fluorocarbon, tí ilé iṣẹ́ Kureha ní Japan mú jáde ní ọdún 1971, ṣòro láti rí nínú omi. Ìdí ni pé bí ó ti ń tẹ ìmọ́lẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.42, súnmọ́ ti omi, tí ó jẹ́ 1.33, ju bí ti náílọ̀n ti súnmọ́ ọn lọ. Ó tún wúwo ju omi lọ, nítorí náà ó máa ń rì. Ọ̀pọ̀ apẹja máa ń ká okùn híhun sórí ríìlì, wọ́n á sì ta mítà kan tàbí méjì fluorocarbon mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìdẹ. Ike rírọ̀ tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 12 ni ó wọ́pọ̀. Irú ike méjì ni a ń rí. Ti àkọ́kọ́ ni PVC tí a fi òróró kẹ́míkà rọ̀. Ó máa ń rì, ó sì máa ń tètè ya. Ti èkejì ni ike tí ń nà bí rọ́bà, bíi ElaZtech ti ilé iṣẹ́ Z-Man, tí ó máa ń léfòó tí ó sì ń pẹ́ lórí ìwọ̀. A kò gbọdọ̀ kó méjèèjì sínú àpò kan náà, nítorí wọ́n máa ń yọ́ mọ́ ara wọn.

Àwọn ọ̀nà ìfi-ìdẹ-síwọ̀

Ned rig. A máa ń mú igi ike tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí 7, tàbí kí a gé èyí tí ó gùn sí méjì, a ó sì fi í sórí ìwọ̀ olórí òjé tí orí rẹ̀ rí bí olú. Òjé náà sábà máa ń wọn gíráàmù 1.8, ó sì lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ike náà bá jẹ́ irú tí ń léfòó, ìdẹ yóò dúró lóòró nísàlẹ̀ omi, tí ìrù rẹ̀ yóò kọjú sókè bí edé tí ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè láti gbèjà ara rẹ̀. Kò sí ìyẹ́, kò sí ẹsẹ̀, kò sí ohun tí ń yí lára rẹ̀. Ẹni tí kò tí ì lò ó rí kì í sábà gbà pé ẹja lè jẹ ẹ́.

Drop shot. Òjé wà ní ìpẹ̀kun okùn, ìwọ̀ sì wà lókè rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 45. Òjé á jókòó sí ìsàlẹ̀, ìdẹ á sì máa léfòó lókè ẹrẹ̀ àti koríko. Apẹja lè gbọn ìdẹ náà lójú kan fún ìgbà pípẹ́ láìmú un kúrò níbi tí ẹja wà. Ó dára fún omi jíjìn.

Wacky rig. A máa ń fi ìwọ̀ gún igi ike ní àárín gbùngbùn. Bí ó ti ń rì, orí rẹ̀ méjèèjì á máa jù bí apá ẹyẹ. A kì í fi òjé sí i, tàbí kí a fi díẹ̀ sí i.

Neko rig. Ó jọ wacky rig, ṣùgbọ́n a máa ń ti ìṣó kékeré bọ orí ike náà kan. Orí yìí á máa tọ ilẹ̀ bí ẹja tí ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀. Japan ni ó ti wá.

Shaky head. Ekòló ike tínrín lórí ìwọ̀ olórí òjé tí ó wọn gíráàmù 3 sí 7. Apẹja á jẹ́ kí òjé wà nílẹ̀, á sì gbọn okùn tí kò nà tán, kí ìrù ìdẹ lè máa mì.

Bí a ṣe ń fa ìdẹ àti bí a ṣe ń mú ẹja

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí apẹja máa yára. Nínú ọ̀nà àwọn ará Kansas, a máa ń ju ìdẹ sínú omi tí ó jìn tó mítà 1 sí 4, a ó sì jẹ́ kí ó rì. Lẹ́yìn náà a lè gbé e díẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú gbígbọn, a lè máa fà á lórí iyanrìn, a sì lè fi í sílẹ̀ láìmì rárá fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Nítorí pé òjé kò wúwo, apẹja kì í fi gbogbo ìgbà mọ ibi tí ìdẹ wà. Kehde àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó rí: bí apẹja bá ń mọ gbogbo ohun tí ìdẹ ń ṣe, òjé rẹ̀ ti wúwo jù.

Nítorí èyí, ojú ni a fi ń mọ̀ pé ẹja ti gbé ìdẹ ju ọwọ́ lọ. Okùn lè fò díẹ̀, ó lè máa rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì lè rọ̀ kí ìdẹ tó dé ilẹ̀. Ìwọ̀ kékeré tí irin rẹ̀ tínrín kò fẹ́ kí a fà á tipátipá. A ó ká okùn títí yóò fi le, a ó sì gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́. Bí ẹja bá ń fa okùn jáde, a kò gbọdọ̀ yí ọwọ́ ríìlì, nítorí ṣe ni okùn yóò máa lọ́ mọ́ ara rẹ̀, tí yóò sì ta kókó nígbà tí a bá tún jù ú.

Ọ̀nà yìí ní ààlà. Nínú omi tí ó dọ̀tí, ẹja lè má rí ìdẹ kékeré. Láàárín koríko tí ó ki àti igi tí ó rì sómi, ẹja ńlá yóò já okùn tínrín. Bákan náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tètè mọ ibi tí ẹja wà nínú adágún ńlá máa ń kọ́kọ́ fi ìdẹ tí ń yára rìn wá a, kí ó tó mú ìdẹ kékeré jáde.

Ní etí òkun

Àwọn apẹja Japan mú ọ̀nà yìí kúrò nínú adágún lọ sí etí òkun. Wọ́n fi ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì -ing mọ́ orúkọ ẹja ní èdè Japan láti ṣẹ̀dá orúkọ ìpẹja. Láti ara aji, ẹja tí orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì jẹ́ Trachurus japonicus, ni ajing ti wá. Láti ara mebaru, ẹja inú àpáta kan, ni mebaring ti wá. Alẹ́ ni a sábà ń ṣe ajing ní èbúté, lábẹ́ iná mànàmáná. Ìmọ́lẹ̀ náà ń fa àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ inú omi, aji sì ń wá jẹ wọ́n. Ìwọ̀ olórí òjé tí ó wọn gíráàmù kan tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ni a ń lò pẹ̀lú ike tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a mọ irú ìpẹja yìí sí LRF, tí ó dúró fún ìpẹja fúyẹ́ láàárín àpáta. Ẹja kéékèèké bíi goby, wrasse àti ọmọ pollack ni ó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ apẹja LRF kì í ka bí ẹja ti tóbi tó sí, iye oríṣi ẹja tí wọ́n rí mú ni wọ́n ń kà.

Ipa rẹ̀ lórí ẹja àti àyíká

Òjé

Òjé jẹ́ májèlé. Ẹyẹ omi máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì láti fi lọ oúnjẹ nínú iwe rẹ̀, ó sì lè ṣe àṣìṣe gbé òjé tí apẹja sọ nù mì pẹ̀lú wọn. Ẹyẹ tí ń jẹ ẹja tún lè gbé ẹja tí ìwọ̀ olórí òjé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Nínú iwe, òjé á máa lọ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀ olórí òjé kan ṣoṣo tó láti pa ẹyẹ loon, ẹyẹ ńlá tí ń mùwẹ̀ nínú adágún àríwá Amẹ́ríkà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹyẹ swan, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tí ó wà lórí Odò Thames, dín kù gidigidi nítorí òjé àwọn apẹja. Ní ọdún 1987, ìjọba fòfin de títa òjé ìpẹja tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 0.06 àti 28.35, àwọn ẹyẹ náà sì tún pọ̀ padà. Kánádà fòfin de òjé ìpẹja kéékèèké nínú àwọn ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọdún 1997. Ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ òfin tirẹ̀ ní ọdún 2000 nítorí ẹyẹ loon, ó sì mú un le sí i lẹ́yìn náà. Ó hàn pé ìwọ̀n tí àwọn òfin wọ̀nyí dojú kọ ni ìwọ̀n tí ìpẹja pẹ̀lú ìdẹ kékeré ń lò.

Ohun tí a lè fi rọ́pò òjé ni irin, táńganran, bismuth àti tungsten. Tungsten wúwo gidigidi: sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan rẹ̀ wọn gíráàmù 19.3, nígbà tí ti òjé wọn 11.3. Nítorí náà, orí tungsten kéré ju orí òjé tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, èyí tí ó bá ọ̀nà yìí mu. Owó rẹ̀ ni ó ga.

Ike

Ike rírọ̀ tí ó bá bọ́ lórí ìwọ̀ kì í jẹrà. Yóò wà nísàlẹ̀ omi, ẹja sì lè gbé e mì láìlè dà á nínú ikùn. Nítorí pé Ned rig ń lo àjákù ike, àwọn apẹja kan máa ń tún ike tí ó ti ya lò títí yóò fi tán. Ike bí ElaZtech, tí kì í tètè ya, ń dín iye tí ń bọ́ sómi kù, ṣùgbọ́n òun náà kì í jẹrà.

Àárẹ̀ ẹja

Okùn tínrín máa ń mú kí ìjà láàárín apẹja àti ẹja pẹ́. Ẹja tí ó bá jà pẹ́ jù nínú omi gbígbóná lè kú lẹ́yìn tí a tú u sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lọ. Nítorí èyí, ohun èlò tí ó fúyẹ́ jù fún ẹja tí à ń wá kò ṣe é ní oore. Apẹja tí ó fẹ́ tú ẹja sílẹ̀ yẹ kí ó fi omi tutu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó dì í mú, kí ó má sì jẹ́ kí ó pẹ́ lókè omi.

Drop shot ní ewu tirẹ̀ nínú omi jíjìn. Inú ẹja bass ní àpò afẹ́fẹ́ kan. Bí a bá fa ẹja láti mítà 10 dé ojú omi, agbára tí omi fi ń tẹ̀ ẹ́ á dín kù sí ìdajì, afẹ́fẹ́ inú àpò náà á sì fẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹja náà lè má lè padà sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ apẹja máa ń dẹ́kun títú ẹja sílẹ̀ bí wọ́n bá ń pẹja níbi tí ó jìn jù bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ẹja àjèjì

Ìfẹ́ ìpẹja bass ti mú kí a gbé ẹja náà lọ sí ibi tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Ní Japan, òfin ọdún 2005 lórí àwọn ohun ẹlẹ́mìí àjèjì fòfin de títọ́jú bass ẹlẹ́nu ńlá, gbígbé e láàyè láti ibì kan dé ibòmíràn, àti títú u sínú omi tuntun. Ìpínlẹ̀ Shiga, tí Adágún Biwa wà nínú rẹ̀, ti lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2003: ẹni tí ó bá mú bass níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a padà sómi. Lára ẹja ìbílẹ̀ tí a fẹ́ dáàbò bò ni nigorobuna, tí a fi ń ṣe oúnjẹ funazushi. Nínú adágún kan náà ni Manabu Kurita ti mú bass kan ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2009, tí ó bá àkọsílẹ̀ tí George Perry fi lélẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 1932 dọ́gba. Ẹja kọ̀ọ̀kan wọn lé ní kìlógíráàmù 10. Kì í ṣe ìdẹ kékeré ni Kurita lò; ẹja ààyè ni ó fi ṣe ìdẹ.

Ní Gúúsù Áfríkà, tí bass ẹlẹ́nu ńlá ti dé ní ọdún 1928, irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti jẹ ọ̀pọ̀ ẹja kéékèèké ìbílẹ̀ run nínú àwọn odò òkè Cederberg. Ní ọdún 2012, ìjọba da oògùn rotenone sínú apá kan Odò Rondegat láti pa bass ẹlẹ́nu kékeré tí ó wà níbẹ̀, ẹja ìbílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí apá odò náà.

Ẹ tún wo

Ẹja pípa
Ìwọ̀
Adágún Biwa
Micropterus salmoides
Òjé
Náílọ̀n